Ìyá Àgbà àti Èjìká Tó Ń Pàdé

"Mọ́ríámọ̀, má tíì ra nǹkan kan o. Mo ti wo ọmọ Ìdírísù. Èjìká ẹ̀ ò pàdé. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé Ìyá Àgbà ti lọ, àmọ́ a ò ní torí ìyẹn ba ilé jẹ́."

Ohùn Tàǹtí Sẹ̀kínà, àbúrò bàbá mi obìnrin, nìyẹn, bí ó ṣe wọ orí fóònù mi láàárọ̀ àná. Omi ọ̀gì ń hó lórí iná. Mo pa iná náà, mo tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdírísù ni ọmọ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi ọkùnrin. Ní Harobanda, lódìkejì afárá Niamey níbí, ni òun àti Hàlímà ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọmọkùnrin tí Hàlímà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tíì ní orúkọ. Ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ ló yẹ ká sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ká lè kà á níbi fídàú ogójì ọjọ́ wọn, nítorí pé èmi ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo sì tún lè kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni gbogbo yín ń retí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyìn náà tẹ́lẹ̀. Mo ti fà á ya. N kò lè dúró de fídàú mọ́. Mo ní láti kọ Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe rí, kí ó tó yín lọ́wọ́ kí Àlàmísì tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kọ́kọ́ kà á dé òpin.

Ẹ̀yin ọmọ ilé mọ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àna lè máà mọ̀ ọ́n. Àwa kan wà nínú ilé yìí tí a lè kó èjìká wa méjèèjì jọ síwájú títí wọn yóò fi kan ara wọn lábẹ́ àgbọ̀n, bí ìgbà tí ènìyàn pa ìwé dé. Eegun tó dábùú láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé èjìká lára àwọn ẹlòmíràn, èyí tí ẹ lè fi ìka tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí lára wa, tàbí kó jẹ́ péńpé kan tí kò dé ibi kankan. Ìyá Àgbà ní in. Bàbá mi ní in, Bàbá Kékeré àti Tàǹtí Sẹ̀kínà ní in. Ìdírísù ní in. Èmi náà ní in, Àfúsá ọmọ mi sì ní in. Kì í dùn wá. Ṣùgbọ́n ó ti dun àwọn tí kò ní in.

Àlàájà Sùwẹ́bátù ni orúkọ Ìyá Àgbà. Wọ́n ń ta aṣọ ní Maourey, àdúgbò wa, kí a tó bí mi. Kò sí ẹni tó rí wọn láìsí ìborùn, àfi àwa tí a ń bá wọn sùn ní yàrá. Kódà nínú oṣù tí ooru Niamey máa ń mú kí páànù orí ilé máa ké ta-ta-ta, ìborùn yẹn wà lọ́rùn wọn. Ìborùn kì í dúró léjìká bíi tiwa. Ń ṣe ló máa ń yọ̀ bọ́ bí omi lórí ewé kókò. Nítorí náà wọ́n máa ń fi píìnì méjì dè é mọ́ bùbá. Bí píìnì bá tú, wọn á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Báàgì kò sí lọ́rùn wọn rí. Ìdí ni wọ́n ń so owó mọ́. Báàgì ilé-ìwé Àfúsá náà kì í dúró. Mo ti rán okùn kan mọ́ ọn tó gba àyà kọjá, kí ó má baà máa tẹ̀ síwájú láti dì í mú, kí ọkọ̀ má baà kọ lù ú níbi tó ti ń tẹ̀.

Ìjà tí mo rántí jù nínú ìsọ̀ wọn, orí ọ̀pá ìwọnṣọ ni ó ti wá. Àwọn tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa ń fi apá wọn aṣọ, láti imú dé orí ìka. Ìyá Àgbà kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúrú, èjìká wọn sì rọ̀ wálẹ̀. Ọ̀pá igi kan tí káfíńtà gé fún wọn ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin Haúsá kan wá ra aṣọ, ó rí wọn tí wọ́n ń wá ọ̀pá lábẹ́ àtẹ, ó ní:

"Háàbà, Àlàájà! Ṣé apá ń ro yín ni? Àwọn yòókù ń fi apá wọ̀n ọ́n."

Kí Ìyá Àgbà tó dáhùn, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìsọ̀ kejì ti dá a lóhùn. "Apá wo? Ṣé o rí apá níbẹ̀ ni? Apá ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi rán an wá sáyé."

Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rín, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọ̀pá wọn aṣọ náà, wọ́n fi èékánná fa ibi tó dé, wọ́n sì gbé aṣọ náà fún obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́. "Ó yá, ìwọ tó o lápá, wọ̀n ọ́n." Obìnrin náà kò lè sá. Ó na apá rẹ̀ gígùn, ó wọ̀n ọ́n. Apá rẹ̀ kò dé ibi tí èékánná fà sí. Ẹ̀rín náà yí padà. Ìyá Àgbà ká aṣọ náà fún oníbàárà, wọ́n ní, "Apá mi kúrú, ọ̀pá mi ò kúrú."

Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí gbólóhùn yẹn báyìí, kì í sì í ṣe nítorí pé ó dùn. Ẹni tó mọ̀ dájú pé a kì í fi apá ènìyàn wọn aṣọ, òun náà ló wá fi èjìká wọn ènìyàn.

Mo tún gbọ́dọ̀ kọ nípa eyín. Ẹ mọ̀ pé bí eyín ọmọdé bá yọ, ọmọ náà á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, á jù ú sórí òrùlé, kí alángbá má rí i, kí tuntun lè hù. Gbogbo ọmọ àgbàlá wa ni ó ń jù ú. Mo máa ń dúró tì wọ́n, mo máa ń fi ahọ́n ti eyín tèmi wò. Kò mì. Àwọn ọmọ tí kò tó mi ti ju tiwọn. Wọ́n ń pè mí ní bébé. Lọ́jọ́ kan tí mo sunkún dé ilé, Ìyá Àgbà fà mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ya ẹnu wọn fún mi. N kò rí i rí kí ọjọ́ yẹn tó dé, torí pé bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, etí ìborùn ni wọ́n máa ń fi bo ẹnu. Eyín wẹ́wẹ́ ni mo rí, bí eyín ọmọdé, ó ti jẹ níwájú, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni èmi náà yóò ju tèmi sórí òrùlé. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n ní, "Ẹni tí kò sọ nǹkan nù kò ní wá nǹkan kiri."

Mo gbà á gbọ́. Wọn kò tíì sọ ènìyàn nù nígbà náà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé kò sí ìfẹ́ nínú wọn. Ìfẹ́ wà, ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹnubodè. Àwújẹ̀ mi, ibi rírọ̀ tó ń mí lórí ọmọ ìkókó, kò dí nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ mi ti dí. Mo dàgbà dé ilé kéwú, ó ṣì rọ̀. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí n ru omi. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n di irun mi le. Nígbà tí àáfà ilé kéwú fi igi gbá mi lórí, Ìyá Àgbà ti ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, wọ́n rìn dé ibẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ kí àáfà dáadáa, wọ́n wá ní, "Àáfà, ìdí ọmọ wà níbẹ̀ tí ẹ lè nà. Orí ẹ̀ kì í ṣe tiyín."

Èmi náà máa ń wo orí Àfúsá báyìí tí ó bá sùn. Mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ohun tó ń korò lẹ́nu mi ni pé ẹnu tó gbèjà orí mi yẹn kan náà ló ní kí wọ́n tú okùn ọrùn àgbò àbúrò mi.

Kí n tó sọ ti àgbò, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ìsọ̀, nítorí pé n kò fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ di púpọ̀ nílùú ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri Maourey, tí àwọn mìíràn á tún wá lẹ tiwọn lé e. Òjò kan rọ̀, gbogbo ojú náà já wálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà ń ká aṣọ, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní, "Olúkúlùkù ń wá ojú tí wọn yóò fi dá a mọ̀. Tiwa wà nínú eegun, òjò ò lè fọ̀ ọ́."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe gbé wọn ní ìyàwó láti Ìlọrin wá síbí. Àwọn àbúrò ọkọ wọn bá wọn wọ balùwẹ̀, wọ́n rí èjìká náà, wọ́n sì jáde wá ń pariwo pé, "Ṣé wọn ò rí odindi obìnrin ní Ìlọrin ni?" Oyún méjì ni wọ́n rọbí tí ọmọ kò yè, àwọn àna wọn sì ní ara tí kò pé kò lè bí ohun tó pé. Nígbà tí wọ́n wá bí bàbá mi, tí èjìká tirẹ̀ náà rọ̀, ìyá ọkọ wọn bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò kú. Bàbá Kékeré kò kú. Tàǹtí Sẹ̀kínà kò kú. Gbogbo èyí tó yè ló ní èjìká náà. Níbi tí kò ti sí ẹni tó ń kọlà fún ọmọ mọ́, ní ìlú tó jẹ́ pé àwọn Sàmáà onílẹ̀ àti Haúsá kò mọ ìlà wa bí a tilẹ̀ kọ ọ́, Ìyá Àgbà rí ìlà kan tí Ọlọ́run ti kọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n fi bú mi ni mo fi ṣe ìlà fún àwọn ọmọ mi."

Ó yé mi. Mo sì tún sọ pé kò tọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, wọ́n ga, èjìká wọn gbòòrò. Èmi ni àkọ́bí wọn. Lẹ́yìn mi ni wọ́n bí Sàlíù. Ẹ mọ̀ pé Ìyá Àgbà ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun nínú ilé yìí: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ dúdú, òrí. Wọn á na apá ọmọ, wọn á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á máa kì í. Ní ìparí, wọn á kó èjìká rẹ̀ jọ síwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ìdérí àpótí dé. Èmi ni mo di aṣọ ìnura mú lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ Sàlíù. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tún un ṣe. Sàlíù ké. Eegun náà wà níbẹ̀, ó le, kò jẹ́ kí èjìká rẹ̀ pàdé. Oríkì tó wà lẹ́nu wọn gé. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e fún ìyá mi láìwo ojú wọn.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹní ti kún àgbàlá, àáfà ti jókòó, àgbò wà ní ìdí igi dóńgóyárò pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Bàbá mi mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà jáde láti yàrá.

"Tú àgbò yẹn sílẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò ti dé."

"Àlejò lọmọ náà. Tú u. A kì í pa àgbò lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

Ìyá mi dìde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí àwọn búra. Àáfà ní, "Àlàájà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀rí dà?" Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀rí wà léjìká." Bàbá mi wo ilẹ̀, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú okùn náà. Àgbò náà kò mọ̀ pé wọ́n ti tú òun. Ó dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ewé.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi kọ ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ mú mi lọ, Ìyá Àgbà pè mí sí àárín àgbàlá, lójú gbogbo ayé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kó èjìká mi jọ síwájú títí ó fi pàdé. Wọ́n ní, "Èyí, tiwa ni."

Yàrá kan ní Talladjé, àdúgbò kan tó jìnnà sí wa, ni ìyá mi gbà. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló sọ Sàlíù lórúkọ níbẹ̀. Adìẹ ni wọ́n pa. Sàlíù dàgbà, ó ń rìn bí bàbá mi, etí rẹ̀ yọ síta bíi ti bàbá mi, ó máa ń fi ọwọ́ họ ẹ̀yìn ọrùn tó bá ń ronú bíi ti bàbá mi. Gbogbo àdúgbò Maourey rí i. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ni kò rí i.

Ní Iléyá kan, nígbà tó ti tó géńdé, ó gbé ẹran wá fún Ìyá Àgbà. Ọkọ̀ tasí méjì ló wọ̀ láti Talladjé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe ń bá àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n gbé àga fún un. Wọ́n bù ú lómi. Nígbà tó fẹ́ lọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, àlejò. Ẹ bá wa kí ìyá yín." Sàlíù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀. Èébú tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn pọ̀. Kò sí èyí tó burú tó ìkíni yẹn.

Nígbà tí mo lóyún Àfúsá, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ti ilẹ̀kùn bíi ti ọjọ́ eyín. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ bímọ nílé, n kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí agbẹ̀bí kankan máa sọ fún mi pé kí n máa tì, kí n máa tì. "Ọ̀nà wa kéré. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára ṣí i." Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àfúsá jáde. Dókítà ní ìbàdí mi kò lè gba orí ọmọ náà kọjá. Bí kì í bá ṣe Ìyá Àgbà, èmi àti ọmọ mi ì bá ti wà nínú ilẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ó wà lákọsílẹ̀. Àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìgbà oyún méjì àkọ́kọ́ wọn, wọn kò sì sọ ọ́ ní gbangba rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìlà wa ní àléébù.

Eyín Àfúsá ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà tó là wá lójú. Ó ti ń kúrò lọ́mọdé, kò tíì sí eyín kan tó yọ. Ẹ̀rù bà mí. Aládùúgbò kan ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín lọ́jà. Mo kọ̀, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n ya fọ́tò inú eegun rẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná, mo sì rí i: eyín àgbà pé síbẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀ ju iye tó yẹ lọ, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn nínú eegun àgbọ̀n bí ẹ̀pà tí wọ́n rọ́ sínú ìgò, kò sí èyí tó rí ọ̀nà jáde.

Dókítà ní kí Àfúsá kó èjìká rẹ̀ jọ. Ó wá kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin náà, ẹ kó tiyín jọ kí n rí i." Faransé ló ń sọ, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Ó pe orúkọ gígùn kan fún un, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìpé eegun èjìká àti ti orí. Ó ní àbímọ́ni ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, ọ̀kan náà ló sì ń fa ti èjìká, ti àwújẹ̀, ti eyín àti ti ìbàdí. Ó ní àwọn yóò máa yọ eyín ọmọdé náà lẹ́sẹẹsẹ, àwọn yóò ṣí ọ̀nà fún ti àgbà, àwọn yóò sì fi wáyà fà á sọ̀kalẹ̀. Yóò gba ọdún, ṣùgbọ́n yóò ní eyín. Gbogbo ìyẹn wọ̀ mí létí. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ìbéèrè tó ti wà lọ́fun mi láti ìgbà èwe.

"Dókítà, ṣé bàbá lè ní in, kí ọmọ tó bí má ní in?"

"Ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Ó lè gbà á, ó lè má gbà á, bí ìgbà tí ẹ bá ju owó ẹyọ sókè. Èyí tí kò gbà á, ọmọ bàbá rẹ̀ ni bí èyí tó gbà á. Ta ló sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi ti kú ní Talladjé nígbà náà. Wọ́n kú gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ilé ọkọ fura sí, wọn kò sì gbọ́ ohun tí dókítà fi ìṣẹ́jú kan sọ fún mi láìgbé ohùn sókè.

Mo lọ sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, orí ẹní ni wọ́n wà. Mo ṣàlàyé ti owó ẹyọ fún wọn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọmọ yín ni Sàlíù." Wọ́n ní, "Ṣé dókítà ló wẹ ọmọ náà ni, àbí èmi?" Wọ́n wá fa etí ìborùn bo ẹnu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. N kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ náà, wọn kò sì ṣí i fún mi mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, gbogbo wa la wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ wọn ló fẹ́ kọ́kọ́ gbé àkéte òkú, bó ti yẹ. Bàbá mi wà níwájú lọ́tùn-ún, Bàbá Kékeré lósì, Ìdírísù lẹ́yìn. Wọn kò tíì jìnnà sí ilẹ̀kùn tí igi náà fi yọ̀ lórí èjìká bàbá mi. Kò sí eegun tí yóò jókòó lé. Wọ́n gbé e padà, ó tún yọ̀. Àkéte náà tẹ̀ síwájú, àwa obìnrin ké. Sàlíù wà láàárín àwọn aládùúgbò, níbi tí àlejò ń dúró sí. Ó jáde wá, ó ki èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ igi náà, igi náà sì jókòó.

"Ẹ gbé e fún mi, Bàbá. Tèmi ò ní yọ̀."

Ìdírísù sọ fún mi pé àwọn ọkùnrin ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí dé itẹ́ òkú, àfi Sàlíù tó kọ̀ láti gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé wà níbẹ̀. Ẹ rí i. Ẹ padà sílé, ẹ jẹun, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ìyá Àgbà kò tíì pẹ́ nílẹ̀, Tàǹtí Sẹ̀kínà sì ti fọwọ́ kan èjìká ọmọ tuntun.

Mo rékọjá afárá lọ́sàn-án àná. Hàlímà jókòó sórí ẹní, ọmọ wà láyà rẹ̀. Sàmáà ni, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ Yorùbá wa, ó sì ń gbìyànjú láti sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe? Wọ́n wá, wọ́n tú ọmọ mi wò bí aṣọ ọjà, wọ́n lọ, wọn ò sọ nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kala suuru," bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń sọ pé sùúrù ló kù. Ojú rẹ̀ kò ní sùúrù kankan. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ìyá mi ṣe ń wò ó nígbà ti Sàlíù.

Ìdírísù wà lẹ́yìn ilé. Kò tíì ra àgbò. "Bàbá mi ní kí n ṣì dúró ná," ni ó wí. Mo ní ṣé ó mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn á ní ìyàwó ló ń darí mi." Kí n tó lọ, mo gbé ọmọ náà. Ó wúwo dáadáa, ó ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà létí. Mo kì í pẹ̀lú ìwọ̀nba oríkì tí mo mọ̀. N kò wo èjìká rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tí èjìká yín ń pàdé, ẹ gbé àwọn ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí àwọn obìnrin inú yín sì sọ ọ́ fún agbẹ̀bí kí ọjọ́ ìrọbí tó dé. Ẹ wá sí Harobanda lọ́jọ́ Àlàmísì. Ẹ gbé ọmọ náà, ẹ kì í, ẹ má fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Sàlíù jókòó sórí ẹní àwọn ọmọ ilé.

Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ tú okùn nígbà yẹn. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀bẹ, kí ẹ sì pa àgbò náà.